Àbàwọ́n àwọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n onítúùbù: ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó ní ó ti bàjẹ́

Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 21 kan wà ní yàrá ìyá bàbá mi ní Ebute Metta, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó gba ìdajì tábìlì. Lọ́jọ́ kan, igun ọ̀tún rẹ̀ di àwọ̀ àlùkò. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá wà láàárín, ojú rẹ̀ á dára. Bó bá sún sápá ọ̀tún báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á di àlùkò, etí rẹ̀ á dà bí ewé. Rẹdíónìkì kan wá wò ó, ó ní túùbù, ìyẹn gíláàsì ńlá tó ń gbé àwòrán jáde, ti kú, ká lọ wá òmíràn ní Alaba. Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ojú tèmi náà ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ ti gbé èmi náà dànù?"

Túùbù ò kú rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé sípíkà ńlá méjì sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. A gbé wọn kúrò, a ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àbàwọ́n ti lọ. A ò ná kọ́bọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní yàrá àwọn àgbàlagbà wa, ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí ní Mushin, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó káwọn ọmọdé lè wá ta géèmù. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí ààtàn nígbà tí kò ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fà á. Ní ọrùn túùbù, ìtànṣán mẹ́ta ló ń jáde wá síwájú: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Lẹ́yìn gíláàsì, irin fẹ́lẹ́ kan wà tí ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí asẹ́. Asẹ́ yìí ló ń rí i pé ìtànṣán kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí àwọ̀ tirẹ̀ nìkan. Òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, máa ń tẹ ìtànṣán náà, èyí tó yẹ kó bọ́ sórí pupa á wá bọ́ sórí ewé. Irin asẹ́ náà sì máa ń gba òòfà sára. Ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n fi ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé sípíkà lọ, òun náà ló ń mú kí àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo irú àbàwọ́n tó jẹ́. Ẹ yí i sí ìkànnì tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, torí pápá tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan máa ń tú àṣírí. Bó bá jẹ́ ojú kan ló yí àwọ̀ padà, tí ìyókù dára, òòfà ni ẹ máa fura sí. Bí àwọ̀ náà bá ń gbọ̀n, tí etí àwòrán ń mì, ẹ wo sítébúláísà: ọ̀pọ̀ wa ló gbé e sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an, irin àti wáyà inú rẹ̀ sì ń ṣe bí òòfà nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ gbogbo ojú rẹ̀ ló di àwọ̀ kan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ohun tó bá ní òòfà kúrò nítòsí, ó kéré tán kó jìnnà tó mítà kan. Sípíkà ni olórí wọn, pàápàá sípíkà mọ́tò tí èèyàn kàn sínú àpótí pákó. Ẹ tún wo fáànù orí tábìlì, àti àpò fóònù tó ń fi òòfà pa ẹnu dé. Ẹ bi àwọn ọmọ inú ilé léèrè jẹ́jẹ́. Ọmọdé tó bá rí òòfà nínú sípíkà tó ti bàjẹ́, tó sì fi kan gíláàsì, á rí i tí àwọ̀ ń yí bí omi odò, kò ní lè ṣe kó má tún un ṣe. Ẹ má na ọmọ nítorí rẹ̀, ẹ sáà gba òòfà náà.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Wáyà kan yí etí túùbù ká nínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa nu òòfà kúrò lára irin asẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá tan tẹlifíṣọ̀n. Iná á sáré gba inú rẹ̀ lọ sókè sódò, á sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Òun ló ń dún "hùn-ùn" yẹn. Ohun kékeré tó ń mú iná náà rọlẹ̀ ni posistor. Ó máa ń gbóná, tí kò bá sì tíì tutù, wáyà náà ò lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n láti ojú bọ́tìnì ara rẹ̀ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi rìmóòtù pa á, torí nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, rìmóòtù kì í jẹ́ kí posistor tutù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n (30) ìṣẹ́jú. Ẹ tàn án, ẹ tẹ́tí sí ìró náà, ẹ wo igun tó ní àbàwọ́n. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín. Ní Èkó tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, iná tó ṣẹ́jú péré tó sì padà ò lè nù ún, nítorí posistor ṣì gbóná. Iná tó lọ fún wákàtí méjì ló ń ṣe é lóore.

Bí ẹ ò bá gbọ́ ìró kankan, ẹ sọ fún rẹdíónìkì kó wo posistor kó tó dárúkọ túùbù. Bí posistor bá dára tí àbàwọ́n ò lọ, ó lè fi kọ́ìlì ọwọ́, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká bí òrùka tó ń ṣe irú iṣẹ́ wáyà inú ẹ̀rọ yẹn, nù ún láti ìta. Ẹ dúró tì í: ó gbọ́dọ̀ máa yí i po níwájú gíláàsì, kó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bíi mítà méjì kó tó pa á. Bó bá pa á nítòsí gíláàsì, àbàwọ́n á tún gbilẹ̀ sí i.

Ní ti gbogbo ojú tó di àwọ̀ kan, ẹ tẹ mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà mẹ́nù bá funfun dáadáa tí àwòrán ò dára, wáyà tàbí dekódà ni. Bí mẹ́nù náà bá yí àwọ̀, inú ẹ̀rọ ni: àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé búlúù ti lọ, àlùkò ń sọ pé ewé ti lọ. Iṣẹ́ rẹdíónìkì nìyẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà ní ọrùn túùbù. Bí àwòrán bá di dúdú àti funfun, ẹ yan PAL nínú mẹ́nù, ìyẹn ètò àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín. Iná inú túùbù lè ju 20,000 fólítì (volts) lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ plọ́ọ̀gù.

Ẹ̀rọ tó ṣubú nìkan ni n kì í ṣèlérí fún. Bí irin asẹ́ bá ti tẹ̀, kò sí òòfà tí a fẹ́ nù, àbàwọ́n á wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ fún wọn ní odidi. Òjé wà nínú gíláàsì náà, afẹ́fẹ́ ò sì sí nínú túùbù, tí wọ́n bá fọ́ ọ láti yọ bàbà ọrùn rẹ̀, gíláàsì lè fò kiri. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é ní ẹnu ọ̀nà yín níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.