Bí ẹ ṣe lè rin ìlú Xizhou, ìlú àtijọ́ àwọn Bai, kí ẹ sì rí i dáadáa

Àárín òkè Cangshan àti adágún Erhai ni Xizhou wà, ní ìpínlẹ̀ Yunnan lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, nǹkan bí kìlómítà 18 sí àríwá ìlú àtijọ́ Dali. Àwọn ẹ̀yà Bai ló ni ín. Òwò tíì àti aṣọ ló sọ àwọn ìdílé ibẹ̀ di olówó, owó náà ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn agboolé tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n á ra àkàrà yíyan kan, wọ́n á ya fọ́tò nínú pápá ìrẹsì, wọ́n á sì ti padà sí Dali kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sun òru méjì níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ìlú náà máa ń padà sọ́wọ́ àwọn onílé, ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ kí ẹ wà níta.

Oṣù kẹta sí ìkẹrin dára. Ìparí oṣù kẹsàn-án náà dára, nítorí ìrẹsì á ti pọ́n yí ìlú ká. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ jù. Ẹ sá fún October 1 sí 7, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, àti ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà: owó yàrá máa ń fò sókè, ọkọ̀ á sì dí ọ̀nà etí adágún pa. Ìlú náà ga tó nǹkan bí mítà 2,000, nítorí náà oòrùn ń jó ara bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ tutù, òru oṣù Kejìlá sì lè mú gan-an nínú ilé onígi tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná. Ẹni tó ti etíkun dé lè máa mí hẹlẹ. Kí ó rọra rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì máa mu omi.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọdún ìbílẹ̀, Rao San Ling ni kí ẹ wá. Ọjọ́ 23 sí 25 nínú oṣù òṣùpá kẹrin ni wọ́n ń ṣe é, ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà tiwa. Àwọn èèyàn á máa kọrin, wọ́n á máa jó láti tẹ́ńpìlì dé tẹ́ńpìlì, tẹ́ńpìlì Shengyuan ní abúlé Qingdong, tí kò jìnnà sí Xizhou, sì wà lára ibi tí wọ́n ń dé. Abúlé Bai kọ̀ọ̀kan ló ní òrìṣà tó ń ṣọ́ ọ. Benzhu ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ má sì tẹ igi ìloro mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá rẹ̀ ni.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé. Gbogbo ilé ìtura ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ àlejò òkèèrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn ilé kéékèèké kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n sì lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá sùn sílé ẹnìkan, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24.

Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó níbi gbogbo. Ẹ so káàdì Visa tàbí Mastercard mọ́ Alipay tàbí WeChat, áàpù tí àwọn ará Ṣáínà fi ń sanwó, nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, torí nọ́ńbà fóònù yín ni wọ́n máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Káàdì náírà lè kọ̀, ti dọ́là ló ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ tún mú owó yúànì kéékèèké dání fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Google àti WhatsApp kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, àfi tí ẹ bá ń lo síìmù ilẹ̀ òkèèrè tó ní roaming. Fún ọ̀nà, Amap, áàpù máàpù àwọn ará Ṣáínà, ni kí ẹ lò, nítorí máàpù Google máa ń fi ọ̀nà sí ibi tí kò sí. Ẹ kọ 喜洲, ìyẹn Xizhou ní èdè Ṣáínà, sínú fóònù láti fi han awakọ̀.

Ọkọ̀ òfurufú á gbé yín dé Kunming, ọkọ̀ ojú irin ayára á sì gbé yín dé Dali láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Lórí 12306, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin Ṣáínà, ọjọ́ 15 ṣáájú ni títa tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí ẹ kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu, torí ìwé ìrìnnà gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ibùdókọ̀ ojú irin tó ń jẹ́ Dali, ní Xiaguan, ìlú tuntun, ló wà, kì í ṣe ní ìlú àtijọ́ Dali. Ọkọ̀ akérò nọ́ńbà 8 á gbé yín dé ìlú àtijọ́. Láti ibẹ̀ ẹ bọ́ sí òpópónà 214 lápá ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ dá ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí àríwá dúró. Ìkóríta ni wọ́n á já yín sí. Ẹ kọjú sí ìlà oòrùn kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú. Cangshan wà ní ìwọ̀ oòrùn, Erhai ní ìlà oòrùn: ẹni tó bá ti mọ èyí kò lè sọnù. Ọkọ̀ kékeré kì í pẹ́ dáwọ́ dúró nírọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ tètè gbéra.

Agogo méje àárọ̀ ni kí ẹ ti dé ọjà. Àkàrà ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní baba, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀yinná ń bẹ lókè, ẹ̀yinná ń bẹ nísàlẹ̀. Oníyọ̀ ní ẹran àti àlùbọ́sà eléwé nínú, aládùn ní ṣúgà àti òdòdó róòsì. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, torí tó bá tutù, á le. Mùsùlùmí kó kíyè sí i: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi pa á lára, àní aládùn pàápàá. Ilé oúnjẹ tó bá kọ 清真 (ìyẹn hàlálì) sára ni kí ó wá. Wàràkàṣì tí wọ́n nà gbẹ bí awọ, rushan, dára tí wọ́n bá yan án. Ṣùgbọ́n shengpi, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n wulẹ̀ fi iná pa lára tí inú rẹ̀ ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀: aràn lè wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ló dára láti wo ilé. Agboolé Bai máa ń fi ẹ̀yìn ti òkè, ó ń kọjú sí ìlà oòrùn: ilé ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ògiri funfun ní ìkẹrin. Lọ́sàn-án, oòrùn ìwọ̀ oòrùn á bọ́ sára ògiri náà, ìmọ́lẹ̀ á sì ta padà sínú àgbàlá. Ẹni tó dé láàárọ̀ kò ní rí iṣẹ́ tí ògiri yẹn ń ṣe. Agboolé ìdílé Yan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bu tíì ẹlẹ́ẹ̀mẹta: àkọ́kọ́ korò, èkejì dùn, ẹ̀kẹta sì ní oyin, atalẹ̀ àti ata tó ń ta ahọ́n. Ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń gba owó, ilé onílé ni. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ kí wọn ná. Àwọn kan á fẹ́ bá yín ya fọ́tò nítorí àwọ̀ yín. Tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ mi ọwọ́, ó tó.

Ọjọ́ kejì, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Zhoucheng lápá àríwá, ìlú àwọn aláró. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ alábẹ́rẹ́ Abẹ́òkúta ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an, wọ́n á fà á pọ̀, wọ́n á wá rì í sínú aró. Ewé mìíràn ni tiwọn, kì í ṣe ẹ̀lú. Aṣọ ìnujú kan tó fún wákàtí bíi méjì. Ẹ fa òwú náà le gan-an, torí tó bá dẹ̀, aró á wọlé, funfun á sì parẹ́. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi kí ẹ tó rì í. Aṣọ gbígbẹ kì í gba aró dọ́gba. Ẹ rọra tì í wọlé láìda aró rú, torí afẹ́fẹ́ ń ba aró inú àgbá jẹ́. Tó bá jáde, á ní àwọ̀ ewé tútù, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di búlúù níṣojú yín. Iye ìgbà tí ẹ rì í ló ń mú un dúdú, kì í ṣe bó ṣe pẹ́ nínú àgbá. Níbi títú òwú ni ọ̀pọ̀ ti ń gé aṣọ wọn. Ẹ jẹ́ kí ìyá aláró fi hàn yín.

Tí ẹ bá ń rà, ẹ yí aṣọ náà wò lẹ́yìn. Ti ọwọ́ máa ń ní ojú abẹ́rẹ́, aró á wọ ẹ̀yìn, òdòdó méjì kì í jọra pátápátá. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá, tí ìlà rẹ̀ mú ṣáṣá, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi omi tútù nìkan fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan àkọ́kọ́, lọ́tọ̀ sí aṣọ funfun, kí ẹ sì sá a sí ibòji.