Àṣẹ́kù Òwú Kuróṣé: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Hun Ún

Òwú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fìlà ọmọ tàbí báàgì kì í jọ nǹkan kan lójú. Inú láílọ́ọ̀nù ni a máa ń rọ́ ọ sí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni láílọ́ọ̀nù náà ń gbé, ibẹ̀ ni eku sì ti ń bá a. Kì í ṣe pé kò sí iṣẹ́ tí a lè fi í ṣe. A kì í mọ iye tó wà lọ́wọ́ ni. A óò kàn bẹ̀rẹ̀, òwú á sì tán nígbà tó ku ojú (ìyẹn ìhun kọ̀ọ̀kan) mẹ́wàá péré. Ìdí nìyí tí sikéèlì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú píìnì, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, tí a fi ń hun kuróṣé.

Sikéèlì ilé ìdáná tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí bébà ara òwú bá ṣì wà, ẹ wo ìwọ̀n àti gígùn tí wọ́n kọ sí i. Òwú gíráàmù 100 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 200 ní mítà 2 nínú gíráàmù kan. Bí gíráàmù 12 ló bá ṣẹ́kù, mítà 24 lẹ ní. Bí bébà bá ti sọnù, ẹ fi téèpù aránṣọ wọn mítà 10 nínú òwú náà, ẹ gbé e lé sikéèlì, ẹ ó sì mọ iye mítà tó wà nínú gíráàmù kan. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí ẹ so ó mọ́ òwú náà lára.

Ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le máa ń lo òwú díẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ máa ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ hun dọ́bù 10 (irú ojú kan tí a ó ṣàlàyé nísàlẹ̀), ẹ sàmì sí òwú níbi tó ti kúrò lára píìnì, ẹ tú u, kí ẹ wá wọn gígùn rẹ̀. Pẹ̀lú òwú tí kò nípọn jù tí kò sì tín-ín-rín jù, àti píìnì mìlímítà 4, ó sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70. Nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe tiwa.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni irú òwú tó jẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà kì í ṣe irun àgùntàn rárá, akirílíìkì ni, ìyẹn irú òwú tí wọ́n ń ṣe láti inú epo rọ̀bì. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ fi ẹ̀mú mú un lókè àwo tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi, irú èyí tí a ń ká lóko, máa ń jó kíákíá, òórùn rẹ̀ dà bíi ti bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́. Akirílíìkì máa ń yọ́ ni, ó ń rú èéfín dúdú, ìdí rẹ̀ á sì gan bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Ẹ má fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ náà kó tó tutù. Bó bá ń rùn bí irun tó jó, irun àgùntàn lẹ mú dání. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí, torí bí ẹ bá hun akirílíìkì àti òwú gidi pọ̀, omi gbígbóná lè sún òwú gidi kì, akirílíìkì kò sì ní sún kì, iṣẹ́ náà á wá hunjọ.

Pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú àti àwọ̀ aró ni wọ́n máa ń ṣí jù. Ẹ rẹ àpẹẹrẹ wọn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú àkísà funfun. Bí àkísà bá ti gba àwọ̀, ẹ má fi òwú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun.

A ó pe àwọn ojú ní orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, torí òun ló pọ̀ jù nínú fídíò. Ṣéènì: ẹ fi òwú yí píìnì, ẹ fà á gba inú òrùka kan tó wà lórí rẹ̀. Síńgù: ẹ ki píìnì bọ ojú, ẹ fa òwú wá, òrùka méjì á wà lórí píìnì, ẹ fi òwú yí píìnì kí ẹ fà á gba inú méjèèjì. Dọ́bù: ẹ kọ́kọ́ fi òwú yí píìnì, ẹ ki í bọ ojú, ẹ fa òwú wá, òrùka á di mẹ́ta. Ẹ fi òwú yí i, ẹ fà á gba inú méjì, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ará ìlú Ọba ń pe síńgù yìí ní dọ́bù, wọ́n sì ń pe dọ́bù ní tírẹ́bù. Bí àwòṣe tí ẹ rí bá jáde ní ìlọ́po méjì tàbí ní ìdajì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìtẹ́lẹ̀ ife ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òfin tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú fìlà, báàgì àti ohunkóhun tó bá rí róbótó. Mítà 6 sí 8 tó o. Òwú gidi ló dára jù níbí, ó ń fa omi tó bá ṣàn lára ife mu. Ẹ hun ṣéènì 4, ẹ so òpin mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kó di òrùka. Ìyípo kìíní: ṣéènì 3, tí a ó kà sí dọ́bù kan, àti dọ́bù 11 sínú òrùka, gbogbo rẹ̀ 12. Ìyípo kejì: dọ́bù méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, 24. Ìyípo kẹta: méjì sínú ojú kan, ẹyọ kan sínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ yíká, 36. Ẹ fi síńgù 36 pa etí rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 10.

Àṣírí rẹ̀ ni pé ojú 12 ló ń kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń lo síńgù nìkan, 6 ni: 6, 12, 18, 24, 30, 36. Bí òbírí náà bá ń ká sókè bí igbá, ojú kò tó, tàbí píìnì kéré jù fún òwú náà. Bí etí rẹ̀ bá ń rú sókè-sódò bí etí gèlè, ojú ti pọ̀ jù. Ibi tí àṣìṣe náà ti sábà máa ń wọlé ni ìparí ìyípo: a máa ń gbàgbé pé orí ṣéènì 3 náà jẹ́ ojú, a ó fò ó, ẹyọ kan á dín. Tàbí kí a fi dọ́bù kan sínú kókó tí a fi so ìyípo pọ̀, ẹyọ kan á lé. Ẹ ka ojú ní òpin ìyípo gbogbo. Ó ń gba ìṣẹ́jú kan, títú ìyípo mẹ́ta sì ń gba ọ̀sán kan. Bó bá sì ṣe pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni iṣẹ́ yín nílò kó tó tẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù, ẹ fi píìnì aránṣọ kàn án mọ́lẹ̀ yíká, ẹ wọ́n omi sí i, kó gbẹ síbẹ̀. Ẹ má lọ akirílíìkì ní áyọ́ọ̀nù, á rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀, kò sì ní padà sípò mọ́.

Ẹni tí àwọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ara wọn mu lè wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdándùn, èyí tí àwọn òpó Gbọ̀ngán Mápó wà lára rẹ̀. Aró tó kún, aró tó ṣí àti funfun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wò ó tí ojú ń sú. Ẹ yan àwọ̀ kan tó pọ̀ díẹ̀ láti fi pa etí gbogbo, ìyókù á wà létò.

Iṣẹ́ tó wúlò jù lójú tiwa ni àpò ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ dúdú máa ń tètè yọ́ bó bá jókòó sínú omi, ó sì máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Bó bá wà nínú àpò olójú àwọ̀n tí a gbé kọ́, omi á ro kúrò lára rẹ̀, àpò náà á sì tún ṣe iṣẹ́ kànrìnkàn. Akirílíìkì ni kí ẹ lò: ó ń gbẹ kíákíá, nígbà tí òwú gidi máa ń mu omi sínú, tí ó sì máa ń rùn nígbà òjò. Ẹ ní mítà 15 lọ́wọ́. Ẹ hun ìyípo kìíní àti ìkejì bíi ti ìtẹ́lẹ̀ ife, ẹ dúró ní 24. Èyí gba ọṣẹ tó tó ẹyin adìẹ. Bó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìyípo kẹta kó di 36, ẹ sì fi mítà 8 kún òwú yín. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n: ṣéènì 4 (mẹ́ta jẹ́ dọ́bù, ẹyọ kan jẹ́ àlàfo), ẹ fo ojú kan, dọ́bù sínú èyí tó tẹ̀ lé e, ṣéènì 1, fo ojú kan, dọ́bù, bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ṣéènì kẹta nínú mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ìkẹrin. Bí ẹ bá so ó mọ́ ìkẹrin, àpò á máa lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyípo 7 báyìí, dọ́bù lórí dọ́bù. Síńgù 24 ló máa pa ẹnu rẹ̀. Ẹ wá hun ṣéènì 80 lọ́tọ̀, ẹ fi í bọ àlàfo ìyípo tó gbẹ̀yìn níta àti nínú, kí ẹ so ìdí rẹ̀ pọ̀. Okùn tó kúrú ju èyí lọ kì í jẹ́ kí ẹnu àpò ṣí dáadáa.

Aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná kò gba àwàdà. Òwú gidi nìkan ni. Ara ìkòkò gbígbóná lè yọ́ akirílíìkì lé ọwọ́ ẹni. Gíráàmù 50 sí 60 ló ń gbà, àmọ́ ó lè jẹ́ àwọ̀ méje, torí ìlà méjì-méjì lẹ lè fi yí àwọ̀ padà. Ṣéènì 30, ẹ bẹ̀rẹ̀ síńgù láti inú ṣéènì kejì kó di 29, ìlà 33, ṣéènì 1 kí ẹ tó yí i padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe méjì, ẹ gbé wọn léra, ẹ fi síńgù gba inú méjèèjì yíká. Ẹyọ kan ṣoṣo kò lè dá ooru dúró. Ẹ má sì lò ó nígbà tó bá tutù: omi inú rẹ̀ á gbóná lójijì, á sì jó ọwọ́.

Rọ́bà irun yá ju gbogbo wọn lọ: síńgù 40 yí rọ́bà náà ká, dọ́bù mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí. Mítà 12.

Nípa yíyí àwọ̀ padà, ibi tó yẹ kí àwọ̀ tuntun ti wọlé ni ìfàkẹ́yìn ojú àwọ̀ àtijọ́. Ẹ dúró nígbà tó bá ku òrùka méjì lórí píìnì, ẹ fi àwọ̀ tuntun fà á gba inú wọn. Bí ẹ bá dúró de ojú tó tẹ̀ lé e, àwọ̀ àtijọ́ á yọjú lórí àwọ̀ tuntun. Ẹ fi ìrù, ìyẹn ìdí òwú tó ń rọ̀ sílẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ lápá méjèèjì. Kókó nìkan kì í mú akirílíìkì, ó ń yọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá ki ìrù náà gba abẹ́ ojú títí dé sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ dá a padà gba ọ̀nà ibòmíràn kí ẹ tó gé e. Ojúmọ́ tí ẹ hun nǹkan ni kí ẹ ki ìrù rẹ̀. Ìrù ogún lẹ́ẹ̀kan náà ló ń mú kí iṣẹ́ dúró sílẹ̀ láìparí.

Òwú tín-ín-rín kò burú. Ẹ pa méjì pọ̀ kí ẹ hun wọ́n bí ẹyọ kan, àmọ́ ẹ tún wọn dọ́bù 10 lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mítà tí ẹ ní ti di ìdajì.

Gígé tí kò tó mítà kan, ẹ má dà á nù. Ẹ hun òbírí síńgù méjì, 6 títí dé 36, ẹ fi síńgù rán wọn pọ̀, kó tó ku ojú mẹ́wàá kí ẹ ki gbogbo gígé náà sínú títí yóò fi le gan-an. Tìmùtìmù abẹ́rẹ́ nìyẹn fún aránṣọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní rírọ̀, abẹ́rẹ́ á máa gba inú rẹ̀ kọjá lọ gún ẹni.

Èyí tó bá ṣì kù lẹ́yìn gbogbo èyí, inú ike tó ní ìdérí ni kó wà pẹ̀lú káńfọ̀ tí a fi aṣọ dì, kì í ṣe inú láílọ́ọ̀nù, kó sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó dé e.