Ajílẹ̀ Oko àti Igi Igbó Wa: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, láti Ìkòyí-Ilé dé Orílé-Ìgbọ́n, àti ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kì í ṣe gbogbo ajílẹ̀ tí a dà sóko ló ń dúró sóko. Yúríà, ajílẹ̀ funfun inú àpò, tí a fọ́n sórí ilẹ̀ gbígbóná, tí òjò kò tètè rọ̀ lé, ń di afẹ́fẹ́ àmóníà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òun náà ni òórùn tó ń ta síni nímú nínú ilé adìyẹ. Atẹ́gùn á gbé e dé orí igi tó wà lẹ́bàá oko: ìrókò, igi èmi, igi igbá tí a ti ń rí irú. Nítírójìn inú ajílẹ̀ ló ń bá àmóníà yìí lọ. Èéfín ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti igbó tí a ń sun náà ń kó nítírójìn sójú sánmà.

Ṣé oúnjẹ igi kọ́ ni nítírójìn? Oúnjẹ ni, díẹ̀ rẹ̀ sì ń mú àwọn igi kan yára dàgbà. Bó bá pọ̀ jù ni wàhálà dé. Ewé á dúdú minimini, ọ̀mùnú á gùn gbọọrọ, kòkòrò á sì máa wá ewé rírọ̀ náà jẹ. Gbòǹgbò kò ní tàn tó, nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn á tètè mú igi. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ á máa di kíkan, òjò á máa ṣan oúnjẹ igi bíi kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù lọ, olú tín-ín-rín tó ń bá gbòǹgbò wá omi àti oúnjẹ á sì máa dínkù. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára gidigidi, nítorí igi èmi lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́. Ta ló fẹ́ tún un gbìn?

Yúríà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́, torí ìdá 46 nínú 100 rẹ̀ ni nítírójìn. Ẹ má fọ́n ọn. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ìka mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kó má kan ìdí rẹ̀, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí òjò ńlá bá ṣú, ẹ dúró ná, kó má gbá a lọ sódò.

Ẹ má po eérú mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ. Ńṣe ni eérú ń lé àmóníà jáde. Ẹ má sì kó ìgbẹ́ adìyẹ jọ sábẹ́ igi. Ẹ fi pòròpórò àgbàdo gígé sí i, ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa. Kí ẹ tó ra àpò ajílẹ̀ mìíràn, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àdúgbò yín bá yín yẹ ilẹ̀ wò.