Bí òǹkọ̀wé ṣe lè fi WhatsApp àti Facebook gba ìmọ̀ràn tó wúlò lórí iṣẹ́ rẹ̀

Òǹkọ̀wé tó gbé ìtàn rẹ̀ sójú Facebook, tí ọgọ́rùn-ún èèyàn sì kọ "ẹ kú iṣẹ́" sábẹ́ rẹ̀, ti gba ìyìn, àmọ́ kò tíì gba ìmọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ èèyàn díẹ̀ tó fara balẹ̀ ka iṣẹ́ náà dópin, tí wọ́n sì lè fọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti ń mẹ́hẹ, ni ìmọ̀ràn ti ń wá. Bí ẹ ṣe lè kó irú wọn jọ sórí fóònù nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wá èèyàn márùn-ún sí mẹ́jọ. WhatsApp gbà kí èèyàn 1,024 wà nínú ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pọ̀ ju mẹ́jọ lọ, oníkálukú á máa rò pé ẹlòmíì á dáhùn, iṣẹ́ á sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó kà á. Abẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì lórí Facebook ni ẹ ó ti rí wọn. Ẹ wo àwọn tó ń béèrè ìdí, tí wọ́n sì ń tún àmì ohùn ṣe tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ka ohun tí àwọn náà ti kọ, kí ẹ sọ ohun kan pàtó nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n. Ẹ má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sínú ẹgbẹ́ láìgba àṣẹ, torí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa rí nọ́ńbà náà.

Òfin mẹ́rin péré ti tó. Ẹ kọ wọ́n sí ibi àpèjúwe ẹgbẹ́, níbi tí ẹni tuntun á ti rí wọn. Ẹnì kan ní ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju 800 ọ̀rọ̀ lọ. Wákàtí 72 ni a fi ń kà á. Ẹni tó bá kọ̀ láti dá ẹlòmíì lóhùn lẹ́ẹ̀mejì léraléra kò ní gbé tirẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi san gbèsè náà. Òfin ìkẹyìn yìí ló ń mú ẹgbẹ́ pẹ́. Àáró ni: ẹni tí kì í bá wọn lọ sóko, ta ni yóò bá a ro tirẹ̀? Ní ti àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni ọjọ́ ìbí, ẹ ṣí ẹgbẹ́ mìíràn fún wọn, kí iṣẹ́ má baà rì sábẹ́ wọn.

Bí àwọn kan bá wà lókè òkun, ẹ mú àkókò tó bá gbogbo yín lára mu. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ní Ìbàdàn, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní Houston nígbà ooru wọn, aago méjì nígbà òtútù. Wákàtí 72 á pé ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé.

Iṣẹ́ tí kò bá ju 300 ọ̀rọ̀ lọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ẹgbẹ́ tààrà. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e sórí Google Docs, ìwé orí ayélujára tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ ṣí, kí ẹ sì yan àṣẹ tó ń jẹ́ kí èèyàn kọ èrò sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má baà pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́. Ẹ fi àmì sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. "Oko re baje": ṣé oko ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ̀? Ẹni tó ń ka iṣẹ́ yín á fi gbogbo agbára rẹ̀ mefò, kò ní rí àyè wo bóyá ìtàn náà dùn. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, ní ti Yorùbá. Ẹ ṣí ètò rẹ̀, ẹ wọ ibi tí èdè wà, kí ẹ fi Yorùbá kún un. Bí lẹ́tà bá di àpótí òfìfo lẹ́yìn tí ẹ lẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé fọ́ǹtì fóònù náà kò ní lẹ́tà yẹn, tàbí pé fọ́ǹtì àtijọ́ tí kì í tẹ̀ lé Unicode, ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ti fọ́ǹtì àtijọ́, ẹ lè tún un tẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà jù ni ìbéèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?" kò lè bí nǹkan kan ju "ó dùn" lọ. Ẹ béèrè ohun kan tàbí méjì: "Níbo ni ìtàn yìí ti sú yín?" "Ǹjẹ́ ẹ tètè mọ̀ pé Àdùkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀?" Ẹni tó ń dáhùn náà á mú gbólóhùn kan jáde, á sọ ohun tó ṣe é, á sì sọ ìdí rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ: "Ní ìpínrọ̀ kejì, Àdùkẹ́ ti ń sunkún kí a tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú. Ẹkún náà yá jù, kò rí mi mú." Òǹkọ̀wé lè mú èyí lò lójú ẹsẹ̀. Kó tó dá a lóhùn, kó fa àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí ọ̀tún, kí gbogbo èèyàn lè mọ ohun tó ń fèsì sí. Bó bá jẹ́ ewì ni, ẹ ka á sínú fóònù kí ẹ sì fi ohùn náà ránṣẹ́, torí etí ni ewì ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́; kò sí bí ẹ ṣe máa wá gbólóhùn kan rí nínú ohùn ìṣẹ́jú méje.

Bí ẹ bá fẹ́ pín ìmọ̀ràn fáyé gbọ́ lórí X (Twitter àtijọ́), ẹ rántí pé ẹni tí kì í sanwó kò lè kọ ju ìwọ̀n 280 lọ, tí a bá ka lẹ́tà àti àlàfo pọ̀. X máa ń ka ẹ, ọ àti ṣ sí méjì méjì. Bí àmì ohùn bá tún gun orí ẹ, bíi ẹ́, ó di mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àyè fi ń tètè tán. Ẹ má torí ìyẹn yọ àmì ohùn kúrò, ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí èkejì tẹ̀ lé èkíní.

Ẹ ṣọ́ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi díje tàbí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ olóòtú ló ka ohun tó ti jáde ní gbangba lórí Facebook sí ohun tí a ti tẹ̀ jáde, wọn kò sì ní gbà á mọ́. Ẹ fi ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan síta, kí ìyókù wà nínú ẹgbẹ́.

Ní ìparí oṣù, kí ẹnì kan da àwọn ìmọ̀ràn tó dáa jù kọ sínú fáìlì kan tí gbogbo yín lè ṣí. Fóònù lè sọnù, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ kò tọ́jú sí ibòmíràn á sì bá a lọ.