Bí a ṣe ń múra sílẹ̀ láti di ọ̀gá àgbà ọsibítù

Òfin ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jọ̀gá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ní Nàìjíríà, láti 1985, dókítà nìkan ni òfin gbà sípò CMD (Chief Medical Director), ìyẹn ọ̀gá àgbà, ní ọsibítù yunifásítì. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé àwọn dókítà fún ọdún 12, kó sì ti gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ àkànṣe fún ọdún 5, ó kéré tán. Òfin tún bèèrè ìrírí nínú àkóso ìlera, àmọ́ kò fi iye ọdún sí i.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà gbòòrò díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì àti alákòóso ló gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò kí nǹkan tó ṣeé ṣe. Lọ́dún 1983, Roy Griffiths, ọ̀gá kan ní ilé ìtajà Sainsbury's, dábàá fún ìjọba pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa dáhùn fún iṣẹ́ náà, ohun yòówù kó kọ́.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ dókítà, ẹ wọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó oògùn, DRF (Drug Revolving Fund), ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra oògùn tà, tí wọ́n sì tún ń fi ohun tó wọlé ra òmíràn. Owó oògùn, oògùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi rà. Bí wọ́n bá yọ ₦2 mílíọ̀nù nínú ₦10 mílíọ̀nù ra dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, àtẹ oògùn á máa ṣófo, aláìsàn á lọ ra oògùn níta, owó tó ń wọlé á tún dín kù. Lóṣooṣù, ẹ ṣírò owó tó wà ní báńkì, oògùn tó wà nílẹ̀ àti gbèsè tí wọ́n jẹ yín, kẹ́ ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ jẹ kúrò. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan.

Oníṣirò owó ní tiẹ̀, wọ́ọ̀dù ni kó lọ jókòó sí, nígbà tí nọ́ọ̀sì òru bá ń fa iṣẹ́ lé ti àárọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀dì 200 fún ọjọ́ 30 jẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀dì 6,000. Bí aláìsàn bá lo 5,700, 95% nìyẹn. Ẹni tó bá dúró sí ọ́fíìsì á ní kí wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Wọ́ọ̀dù lèèyàn ti ń gbọ́ pé ara àwọn kan ti yá, owó ni wọn ò tíì rí san, tàbí pé èsì àyẹ̀wò ò tíì jáde.

Nọ́ọ̀sì àgbà ti mọ rọ́tà (ètò ẹni tó máa ṣiṣẹ́ nígbà wo) àti wọ́ọ̀dù dunjú; kó béèrè pé kí wọ́n gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wọ́ọ̀dù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Lójú tiwa, kò yẹ kí òfin ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ta ní Nàìjíríà. Ọsibítù aládàáni ṣí sílẹ̀ fún un, àmọ́ kó rí i pé àṣẹ lórí owó àti gbígba òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé kó tó fọwọ́ sí i, torí àwọn onílé ìwòsàn kan máa ń fúnni lóyè láìfúnni láṣẹ.