Bí ẹ ṣe lè fi mítà ara yín ṣírò owó iná tí AC ń jẹ

Ẹni bá ní AC lásìkò yìí, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: èló ni nǹkan yìí ń jẹ lóṣù gan-an? Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè jókòó síbì kan kó dá yín lóhùn, torí ẹni tó ń tan tiẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ àti ẹni tó kàn fi ń sùn lóru, owó wọn ò lè dọ́gba láéláé. Àmọ́ mítà prepaid tó wà lára ògiri yín yẹn mọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo sítíkà ara ẹ̀rọ tó wà níta. Nọ́ńbà méjì ló máa ń da èèyàn láàmú níbẹ̀. Ẹ máa rí capacity, ìyẹn agbára tó fi ń mú yàrá tutù, AC 1 HP sábà máa ń jẹ́ 9000 BTU, tí wọ́n bá kọ ọ́ ní wáàtì á jẹ́ bíi 2600. Ẹ má jẹ́ kíyẹn já yín láyà, kì í ṣe iná tó ń fà nìyẹn. Power input lẹ́ ẹ̀ ń wá. Fún 1 HP tí kì í ṣe inverter (ìyẹn AC tó máa ń dín iná tó ń fà kù fúnra ẹ̀), ó máa ń wà láàárín 800 sí 1000 wáàtì, 1.5 HP á máa lọ sí bíi 1200. Ká mú 900. Ẹ fi 1000 pín in, ó di 0.9, ìyẹn ni pé tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kó tutù gan-an, bá fi wákàtí kan gbáko ṣiṣẹ́ láìsinmi, yúnìtì (kWh) 0.9 ló máa lọ.

Ó wá ku owó. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, fọwọ́ sí i pé kí owó Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, gòkè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni wọ́n gbé yúnìtì kan sí, wọ́n dín in díẹ̀, nígbà tó yá ó wá wà ní 209.50, VAT 7.5% ò sì sí nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rò ó mọ́ ọn ó tún padà di bíi 225 náà ni. Ẹ ò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ há ìyẹn sórí, torí wọ́n lè yí i padà nígbàkigbà. Ẹ mú rìsíìtì tókìnì tẹ́ ẹ rà gbẹ̀yìn, ẹ fi yúnìtì tí wọ́n fún yín pín owó tẹ́ ẹ san. Ẹni tó ra 5000 tí wọ́n fún ní yúnìtì 22.2, tiẹ̀ nìyẹn, 225.

Tẹ́ ẹ bá wá tan AC yẹn fún wákàtí mẹ́jọ lóru, 0.9 lọ́nà 8 jẹ́ 7.2, 7.2 lọ́nà 225 jẹ́ náírà 1620 lóru kan, oṣù kan á sún mọ́ 48,600. Ó pọ̀ àbí? Àmọ́ ibi tó lè ga dé jù nìyẹn o, torí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tó bá ti mú yàrá tutù dé ibi tẹ́ ẹ ní kó dé máa já ara ẹ̀, fáànù nìkan ló máa kù, ìyẹn ò sì jẹ nǹkan púpọ̀. Bó ṣe ń sinmi tó lowó yín ṣe máa kéré tó.

Ẹ wá jẹ́ ká bi mítà léèrè. Ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé, fíríìjì, pọ́ńpù, gbogbo ẹ̀, kó ku AC nìkan. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh, ìyẹn iye ìgbà tó máa ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó lọ. Ẹ mú fóònù, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan. Ká ní 1000 ni tiyín tẹ́ ẹ sì ka 15, 15 lọ́nà 60 jẹ́ 900, ẹ fi 1000 pín in, 0.9 kílówáàtì náà nìyẹn. Lórí mítà 1600, AC kan náà á ṣẹ́jú 24. Ẹ kà á nígbà tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tún kà á tó bá já, ẹ máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ojú yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ti òru kan pátá, ẹ kọ yúnìtì tó kù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn àti tẹ́ ẹ bá jí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ẹ má tan AC, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ yọ iye tó lọ lóru kejì kúrò nínú iye tó lọ lóru àkọ́kọ́. Ti fíríìjì àti gílóòbù ti jáde nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ pé kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ yín kì í sinmi rárá, ẹ wo rímóòtù. Àwọn tó máa ń tẹ̀ ẹ́ sí 16 tí wọ́n á wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń wá. AC lásán ò lè torí 16 yára ju bó ṣe máa ń yára lọ, kò kàn ní sinmi ni. 24 tàbí 25 tó, kẹ́ ẹ tan fáànù kékeré kan mọ́ ọn. Fèrèsé louvre tí ò pa dé dáadáa, ẹ dí i, torí apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọn omi. Ẹ ṣí ojú AC nínú ilé, ẹ fa fíltà yọ, tí eruku bá ti bò ó tẹ́ ò lè rí ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lásán, kó gbẹ, kẹ́ ẹ dá a padà. Tí yàrá ò bá tutù síbẹ̀, tí yìnyín sì ń hù sára páìpù, gáàsì lè ti dín kù. Gáàsì AC kì í dédé tán o, ó ń jò ni, torí náà ẹni tó bá fẹ́ rọ òmíràn láìwá ibi tó ń jò, ẹ ní kó máa lọ.

Ti inverter ńkọ́? Òun kì í sábà já, ńṣe ló máa ń rọra dín iná tó ń fà kù tí yàrá bá ti tutù. Ó wọ́n ju tàwọn tó kù lọ. Ká ní ó gba yúnìtì mẹ́ta là fún yín lóru kan, ìyẹn náírà 20,250 lóṣù, ẹ fi wé owó tí wọ́n fi lé e ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wo oṣù mélòó ló máa gbà. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí àlejò bá dé nìkan ló ń tan AC, kó ra ti lásán, kó fi owó tó kù ra fáànù gidi.