Omi Ni Ẹrù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Ra Oúnjẹ Freeze-Dried Lọ Sí Ìdẹ̀gbẹ́

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Amẹ́ríkà tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀ bàbá wa ní Kàbà. Ọ̀rá oúnjẹ méjìdínlógún ló tò kalẹ̀. Ó ju ọ̀kan sí mi, mo hán an. Ó fúyẹ́ débi pé mo rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. "Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́ta rèé," ó ní. "Ẹ fi gàárì yín sílẹ̀ nílé."

Bàbá ọdẹ tó fẹ́ mú wa lọ sí ìgbẹ́ Búnú mú ọ̀rá kan, ó mì í lẹ́bàá etí, ó gbọ́ ìró rẹ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Omi ńkọ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ṣebí odò wà lọ́nà."

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀bá odò náà la jókòó sí. Iyanrìn ló kù níbẹ̀. Píọ̀ wọ́tà mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Bí a bá da mẹ́ta sórí oúnjẹ, mẹ́ta la ó mu mọ́jú, òun náà la ó sì fi rìn padà sílé. Bàbá kò bá wa wí. Ó tú àpò rẹ̀, ó bu robo àti ẹ̀pà sí wa lọ́wọ́, ó ní ká jẹun. Ọ̀rá mẹ́sàn-án la gbé padà sí Kàbà láìṣí.

Freeze-dried ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí ọ̀rá náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á se oúnjẹ náà jinná, wọ́n á jẹ́ kó dì gbagidi bíi yìnyín, wọ́n á wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti tán yìí, bí wọ́n bá fi ooru díẹ̀ kàn án, yìnyín inú oúnjẹ kò ní yọ́ di omi mọ́. Yóò kàn di ooru bíi èyí tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ihò wẹ́wẹ́ ló ń fi sílẹ̀ nínú ìrẹsì àti ẹran náà, ihò yìí ló sì ń jẹ́ kí wọ́n tètè fa omi gbígbóná mu. Ilá tàbí ẹja tí a sá sóòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn máa ń súnkì, ó sì máa ń pẹ́ lórí iná kó tó rọ̀.

Omi ni wọ́n yọ kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò dá omi náà padà.

Ẹ má fi ìwọ̀n ọ̀rá ṣírò ẹrù yín

Ọ̀pọ̀ ọ̀rá oúnjẹ yìí ló ń béèrè omi bíi ife méjì, ìyẹn nǹkan bí ìdajì lítà. Ìwọ̀n píọ̀ wọ́tà kan gan-an nìyẹn, torí 50cl ló wà nínú ọ̀kan. Nítorí náà, oúnjẹ kan, píọ̀ wọ́tà kan. Ọ̀rá méjìdínlógún ti ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè píọ̀ wọ́tà méjìdínlógún. Ó ku méjì péré kó pé odindi báàgì, èyí tí wọ́n ń di ogún sí. Kílò mẹ́wàá ni báàgì kan. Ẹ̀yin tó ti gbé e lórí láti ojú títì dé ilé rí, ẹ ronú pé ẹ gbé e gun òkè Búnú. Omi oúnjẹ nìkan nìyẹn o. Ẹni tó ń rìn nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn lè mu lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ kó tó kan ti ìkòkò.

Ìmọ̀ràn tí a máa ń kà nípa oúnjẹ yìí, àwọn ọdẹ Colorado àti Alaska ni wọ́n kọ ọ́ fún, níbi tí yìnyín orí òkè ti ń yọ́ sínú odò. Lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìgbà tí koríko ti gbẹ, tí ọdẹ lè rí ẹtu àti ìgalà láti òkèèrè, ìgbà náà gan-an ni ọyẹ́ ń fa àwọn odò kéékèèké gbẹ. Ìgbà tí ìgbẹ́ dùn ún wọ̀ jù ni omi ń wọ́n jù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ bi ọdẹ tàbí darandaran tó ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn pé níbo ni omi wà. Ẹni tó dé ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni tiwa ti wọ́. Ní tèmi, ọ̀rá kan fún ẹnì kan lójúmọ́ ti tó, lálẹ́, ní ibi tí ẹ bá pàgọ́ sí tí omi sì wà nítòsí. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ẹ jẹ ohun tí kò béèrè omi: robo, àádùn, kúlíkúlí, dàbínò, ẹran tí a yan gbẹ. Gàárì náà ń béèrè omi, ẹ má gbàgbé, àmọ́ tirẹ̀ kò ní kí ẹ dáná.

Bí ẹ bá rí omi odò, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí ẹ tó dà á sínú ọ̀rá. Àwọn kan máa ń kánjú gbé e nígbà tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oúnjẹ náà á le sí wọn lẹ́nu, kòkòrò àìsàn inú omi kò sì ní kú. Lóòótọ́, sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní 2013, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò bá sòbìà lọ.

"Ènìyàn méjì" tí wọ́n kọ sára ọ̀rá

Wọ́n á kọ ọ́ pé ènìyàn méjì ni yóò jẹ ẹ́. Ènìyàn méjì wo? Àwọn tó jókòó wo tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rá tí gbogbo inú rẹ̀ kò ju kálórì 500 lọ, ẹnì kan ni yóò jẹ ẹ́, yóò sì tún máa wo ojú ìkòkò. Ẹni tó gbé ẹrù rìn láti àárọ̀ dé alẹ́ lè lo kálórì 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi iye ènìyàn sílẹ̀. Ẹ wo àpapọ̀ kálórì inú ọ̀rá, kí ẹ fi ìwọ̀n gíráàmù rẹ̀ pín in. Bí ọ̀rá gíráàmù 130 bá ní kálórì 560, ohun tí ẹ óò rí ni 4.3. Ó dára. Bí ọ̀rá gíráàmù 120 bá ní kálórì 380, kò ju 3.2 lọ, ẹ dá a padà sórí káńtà, bí àwòrán ara rẹ̀ ti wù kó dùn ún wò tó. Gàárì tí ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi sílẹ̀ wà ní nǹkan bí 3.5. Ẹ̀pà ju 5.5 lọ. Epo pupa sún mọ́ 9.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa mú ìgò epo kékeré kan dání báyìí. Ṣíbí ìjẹun kan nínú ọ̀rá ìrẹsì ń fi nǹkan bíi kálórì 120 kún un, ó sì ń jẹ́ kó jọ oúnjẹ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ń ba oúnjẹ náà jẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán.

Iyọ̀

Ẹ yí ọ̀rá padà kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "sodium" sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí sodium tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó mílígíráàmù 2,000, ìyẹn iyọ̀ tí kò kún ṣíbí tíì kan. Àwọn ọ̀rá kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá dá ọ̀kan jẹ tán, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwọ̀n yẹn. Òógùn ń gba iyọ̀ lára, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ báyìí gbé ọjọ́ mẹ́ta. Òùngbẹ rẹ̀ sì tún ń dá wa padà sí ọ̀rọ̀ omi.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú ìgbẹ́ lẹ ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò

Ẹ sè é nílé ní alẹ́ Sátidé kan. Ẹ jẹ ẹ́ tán. Ẹ wo bí inú yín ṣe rí ní òwúrọ̀. Mílíìkì àti ṣíìsì pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọn, pàápàá àwọn oníspagẹ́tì, bẹ́ẹ̀ mílíìkì kì í bá inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá mu. Mo ti wà lórí ègùn pẹ̀lú àbúrò mi kan tó jẹ irú ẹ̀. Ìgalà kò jìnnà sí wa mọ́, mo ti gbé ìbọn lé èjìká, àbúrò fọwọ́ kàn mí nítan: "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀." Ó sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru yẹn. Kò sí ẹran tó tún dé ibẹ̀.

Nílé náà lẹ óò ti mọ̀ nípa pákẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú ọ̀rá. Lẹ́búlẹ́bú irin ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ọ́síjìn inú ọ̀rá kí oúnjẹ má bàa bàjẹ́. Bàbá ọdẹ rò pé mágí ni. Ó ti fi eyín há etí rẹ̀ kí n tó kígbe. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó da omi sí i, kí ẹ sì fi ṣíbí gígùn ro oúnjẹ náà dé ìsàlẹ̀, torí igun ọ̀rá ni lẹ́búlẹ́bú ọbẹ̀ máa ń sá sí. Ẹni tó bá mú ṣíbí kúkúrú, ọbẹ̀ á kùn ún dé ọrùn ọwọ́. Ẹ pa ẹnu ọ̀rá dé, kí ẹ dúró tó ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ síbẹ̀, mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí ẹ fi ìṣẹ́jú kún un lórí òkè, torí níbi tó ga, omi máa ń hó kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Òkè tiwa kò ga débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ìdájí ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ó ń tètè mú oúnjẹ tutù kó tó rọ̀. Ẹ fi ṣúẹ́tà wé ọ̀rá náà.

Iná

Omi gbígbóná kì í ti ọ̀run já bọ́. Àṣìṣe ńlá ni kí ènìyàn ra oúnjẹ olówó gọbọi, kó wá to òkúta mẹ́ta sórí koríko gbígbẹ lóṣù Kíní. Oko kòkó àti kọfí wà káàkiri ìgbẹ́ wa, ẹni tó bá dáná sun oko olóko nítorí ọ̀rá ìrẹsì kan, ẹ ò rí i bí yóò ṣe máa wo ilẹ̀ níwájú ọba? Ẹ mú sítóòfù gáàsì kékeré, ẹ ha ilẹ̀ dé erùpẹ̀ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Èéfín iná igi náà ń sọ ibi tí ẹ wà fún ẹni tí ẹ kò fẹ́ kó mọ̀, bí ìgbẹ́ ṣe rí lásìkò yìí. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò mọ apá ibi tí ẹ forí lé.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ṣèlérí

Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń sọ pé oúnjẹ wọn lè pé ọdún 25 tàbí 30. Ibi tó tutù, tó gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ṣí ọ̀rá náà ni wọ́n ń sọ. Búùtù mọ́tò tó dúró sínú oòrùn ní Lọ́kọ́ja kọ́. Ẹ má ra èyí tí oníṣòwò ti tú sínú ọ̀rá mìíràn tí kò ní déètì, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ra ẹ̀rọ rẹ̀ sílé, tó ń ta ẹran tútù tí kò kọ́kọ́ sè. Dídì àti gbígbẹ kì í pa gbogbo kòkòrò; ṣe ni àwọn mìíràn ń sùn síbẹ̀ de omi. Ẹran bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná lórí iná gidi, omi gbígbóná inú ọ̀rá kò lè ṣe é.

Ọ̀rá mẹ́sàn-án tí a gbé bọ̀ láti Búnú, inú àpótí ní ilé ìdáná ni ìyá wa kó wọn sí. Oṣù Keje la tó jẹ wọ́n, ní abà oko, òjò ń rọ̀ lórí páànù, omi kún gbogbo garawa tó wà níta. Mẹ́jọ ló dára. Ìkẹsàn-án, eku ti lu ihò sí i nígun, ihò tí kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Nígbà tí mo mì í, kò dún mọ́. Ìrẹsì inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn bíi ẹ̀kọ àná, òórùn rẹ̀ sì kan. Ìyá wa ní ká má tilẹ̀ dà á fún adìẹ.